Nọ́ọ̀tì Bọ́ Sínú Iná Mọ́tò, Ọmọ Iṣẹ́ Fẹ́ Dákẹ́!

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí nọ́ọ̀tì kan tí kò tó èékánná ìka ọmọdé, tó bọ́ sínú iná iwájú mọ́tò. Nọ́ọ̀tì lásán ni o! Ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn, ẹrù ọjà, àti ọjọ́ ọ̀la ọmọ iṣẹ́ kan ló so mọ́ ọn.

Irú ìtàn yìí, kò sí ibi tí àwọn rewáyà kóra jọ sí l'Ábẹ́òkúta tí kì í ti í ṣẹlẹ̀, ì báà ṣe Láfẹnwá, ì báà ṣe Pánṣẹ́kẹ́, ì báà ṣe Ọbáńtokò. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ béèrè pé ọmọ ta ni, àbí ṣọ́ọ̀bù ta ni. Ẹni tọ́rọ̀ bá kàn, kó fetí sí i.

Ìyá kan ló fẹ́ kó ẹrù lọ sí Èkó. Ẹ̀lùbọ́ láfún tí Ẹ̀gbá ò lè ṣe kó má jẹ ni ìyá yìí ń tà, ó sì ń ta ìrẹsì ọ̀fadà mọ́ ọn, ìrẹsì tó gba orúkọ lọ́wọ́ ìlú Ọ̀fàdà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Òun àti dírẹ́bà ti jọ sọ ọ́ pé aago mẹ́rin ìdájí ni ọkọ̀ máa gbéra ní Láfẹnwá, kí wọ́n lè gba Ìtòrí, Ifọ̀ àti Sángo kọjá kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń ná ọjà Èkó mọ̀ pé ẹni tó bá pẹ́ dé, àjẹkù ló máa bá.

Ó wá ku ọ̀la tí wọ́n máa lọ, ni dírẹ́bà bá rí i pé iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ tọwọ́ òsì ò tàn mọ́. Lẹ́yìn ìrun àṣárì, ó wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rewáyà rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ bá a lọ. Ó ní òun ò ní í sùn tí òun ò bá fojú ara òun rí iná tó máa mú òun dé Èkó. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó fi gèlè nu òógùn ojú.

Ọ̀gá rewáyà yẹ ọkọ̀ wò, ó ní gílóòbù ló jó, kò sí wàhálà. Ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, tó jẹ́ pé ọdún yẹn gan-an ló máa ṣe fúríìdọ̀ọ̀mù. Ọmọ náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ wáyà lẹ́sẹ̀ gílóòbù, ó ká rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ó yọ gílóòbù tó jó. Ó rí i pé kílíìpù tó ń di gílóòbù mú ti ń mì, nọ́ọ̀tì kékeré tó dè é ti tú díẹ̀. Ó ní kí òun fún un. Bó ṣe fi ṣúkúdíráfà kàn án báyìí, nọ́ọ̀tì fò, "kín-ín!", ó gba ojú ihò tí wọ́n ti yọ gílóòbù, ó kó sínú iná lọ.

Ọmọ náà dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọ̀gá àti dírẹ́bà ń jiyàn lórí owó iṣẹ́. Ó rántí ẹnìkejì rẹ̀ tó sọ nǹkan nù lóṣù tó kọjá, ó rántí ìgbájú tí ọmọ yẹn jẹ. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé: "Wáyà wà ńlẹ̀. Fi wáyà so kílíìpù yẹn, fi rọ́bà bò ó. Ta ló máa wo ibẹ̀?"

Ó na ọwọ́ sí wáyà.

"Ọmọ mi, kí ló bọ́?"

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ló sọ̀rọ̀, kò pariwo.

"Kò sí nǹkan kan, Ìyá."

"Etí mi ò dí o. Inú ọkọ̀ tí mo máa wọ̀ ní ìdájí ọ̀la ni nǹkan bọ́ sí, o wá ní kò sí nǹkan kan?"

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. "Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Ọ̀gá gbọ́. Wọ́n á lù mí."

"Dìde. Lọ fẹnu ara ẹ sọ ọ́. Mo wà níbí. Tó ò bá sọ ọ́, èmi ni máa sọ ọ́, ìyẹn ló sì máa burú fún ẹ."

Ọmọ náà rìn lọ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, nọ́ọ̀tì kílíìpù bọ́ sínú iná."

Ọwọ́ Ọ̀gá ti lọ sókè kó tó rí ìyá lórí bẹ́ǹṣì. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú. "Ìyá, ẹ ò rí iṣẹ́ tí ọmọ yìí ṣe?"

Ìyá ní: "Mo rí i, ọmọ mi. Mo sì rí i pé ó sọ. Mélòó nínú wọn ló máa ń sọ?"

Ọ̀gá wo ọmọ náà, ó wo ìyá, ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

KÍ NI NỌ́Ọ̀TÌ LÈ ṢE NÍBẸ̀?

Àwọn kan á ní, ṣebí nọ́ọ̀tì kan náà ni, kó jókòó síbẹ̀, kí ló kàn án? Ẹ jẹ́ ká wo inú iná iwájú mọ́tò ná, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa.

Iná yìí dà bí abọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ títì. Inú abọ́ náà ń dán gbinrin bíi jígí, torí òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ gílóòbù jọ, tó ń jù ú sójú ọ̀nà. Dídán yẹn kì í ṣe jígí gidi. Alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fín sí i lára, kò sì nípọn rárá. Àkísà ẹlẹ́rùpẹ̀ tó o bá fi nù ún lẹ́ẹ̀kan lè bó o. Nọ́ọ̀tì irin tó ń yí kiri nínú abọ́ bẹ́ẹ̀, bí ọkọ̀ bá ti ń kó sí kòtò, ńṣe ni yóò máa ha á. Ibi tó bá há kò ní í tàn mọ́.

Èyí tó burú jùyẹn lọ ni kílíìpù. Gílóòbù tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò, tí wọ́n ń pè ní H4, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni. Òwú iná méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún fúùlù, ìkejì fún dímù. Ó ní ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà gẹ́lẹ́ nínú abọ́ yẹn. Bí kílíìpù ò bá dì í mú dáadáa, gílóòbù á máa mì, á yẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó balẹ̀ sójú títì á wá lọ sójú ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Wáyà tí ọmọ yẹn fẹ́ fi so ó, ṣé ó lè dì í mú títí dé Èkó? Ní ọ̀nà tó kún fún gegele yìí? Rárá o.

Nǹkan míràn tún wà. Gílóòbù H4 tí gbogbo èèyàn ń lò jẹ́ 60 wáàtì fún fúùlù, 55 wáàtì fún dímù. Ẹ rántí gílóòbù 60 wáàtì tí wọ́n ń lò nílé tẹ́lẹ̀, tó tóbi bí ọsàn, tó sì ń jó èèyàn lọ́wọ́. Agbára kan náà ni wọ́n kó sínú dígí tí kò ju ìka ọwọ́ lọ yìí. Ooru rẹ̀ kọjá ti omi híhó lọ fíìfíì. Bí ohun tó bọ́ bá jẹ́ ọ̀rá tàbí rọ́bà, tó sì lọ fara ti gílóòbù, ó máa yọ́, èéfín rẹ̀ á sì bo gbogbo inú abọ́.

GBOGBO ÈÈYÀN DI REWÁYÀ

Ẹ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí tí nǹkan bá bàjẹ́ l'Ábẹ́òkúta. Kíá, èrò ti pé lórí ọkọ̀. Dírẹ́bà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wa ọkọ̀ náà gba orí gegele, pé nọ́ọ̀tì á fúnra rẹ̀ jáde. Ọ̀gá ní: "Ihò ẹ̀yìn ni nọ́ọ̀tì gbà wọlé, ihò náà sì ga ju ibi tó jókòó sí lọ. Tó o bá ń mì í, ṣe ló máa ha gbogbo inú iná kó tó rí ọ̀nà."

Pánẹ́lì bítà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní kí wọ́n fọ́ ojú iná náà, kí wọ́n mú nọ́ọ̀tì, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá fọ́ ojú iná ti ṣí ilẹ̀kùn fún òjò. Ibi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, omi á rí ọ̀nà gbà níbẹ̀, inú iná á máa làágùn, dídán inú rẹ̀ á dípẹtà. Kò ní í pẹ́ kí iná tó yẹ kó mọ́ rokoṣo máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àtùpà tí kẹrosíìnì ti tán nínú rẹ̀. Nígbà yẹn, wọ́n á lọ ra òmíràn.

Ra òmíràn yẹn náà, ẹjọ́ ni. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, tí gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni Bìrìtìkó àti Japan ṣì ń rìn. Iná tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ wọn, tó o bá tan dímù rẹ̀, apá òsì ló ń gbójú sókè sí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tiwọn wà. Gbé irú iná tòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí ọkọ̀ ní títì wa, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni yóò máa tàn sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí dírẹ́bà ń bú ẹnìkejì rẹ̀ pé "Dímù iná ẹ!", onítọ̀hún ti dímù o. Iná ọkọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé sí tiẹ̀ lára.

BÍ WỌ́N ṢE YỌ Ọ́

Ọ̀gá kọ́kọ́ ní kí wọ́n pa iná ọkọ̀, kí wọ́n yọ orí bátìrì tó ń lọ sára irin ọkọ̀. Ó ní irin àti iná ò kí í ṣeré. Ó wá pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: "Ìwọ tó sọ ọ́ nù, ìwọ náà ló máa yọ ọ́. Màá máa wò ẹ́."

Ó mú tọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́, ó ní kó kọ́kọ́ wá ibi tí nọ́ọ̀tì wà. Ọmọ náà kò gba ẹ̀yìn tan tọ́ọ̀ṣì, iwájú ló gbà, ó ń wo inú rẹ̀ láti ojú dígí. Ó rí i. Ó jókòó sí ìsàlẹ̀ abọ́ pátápátá.

"Irin ni àbí bàbà?" Ọ̀gá bi í.

"Irin ni, sà."

"Kí nìdí tí mo fi bi ọ́?"

"Torí òòfà ò lè mú bàbà, sà."

Ọ̀gá mi orí. Ó ní kó lọ yọ òòfà kékeré, tí àwọn rewáyà ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì, lára sìpíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Ọmọ náà so ó mọ́ ìdí wáyà tó rọ̀, tó ṣe é tẹ̀. Ó kó o sínú ihò. Òòfà ò tíì dé ìsàlẹ̀ tó fi lẹ̀ mọ́ irin tó bo iwájú gílóòbù nínú iná. Ó fà á yọ. Ó tún fi sí i, ó tún lẹ̀. Òógùn bò ó. Dírẹ́bà ní: "Ẹ fọ́ ọ jọ̀ọ́, ilẹ̀ ń ṣú!"

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní: "Dírẹ́bà, dákẹ́. Èmi tí mo ni ẹrù ò tíì sọ pé ilẹ̀ ń ṣú."

Ọ̀gá wá mú lílọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ kan, ó fi wé ara òòfà náà yíká, ó fi téèpù dì í, ìdí rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀. Ó ní: "Báyìí, kò ní í rí ara lẹ̀ mọ́ nǹkan míràn, kò sì ní í ha inú iná. Tẹ̀ ẹ́ bí ìwọ̀ ẹja, kó lè kọjá lábẹ́ irin yẹn."

Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Tín! Nọ́ọ̀tì fò mọ́ ọn. Gbogbo èrò hó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ku díẹ̀ kó jáde, nọ́ọ̀tì kọ lu etí ihò, ó tún já padà sínú iná.

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Ọmọ náà wo ọwọ́ Ọ̀gá. Ọwọ́ Ọ̀gá ò gbéra.

"Ó dáa," ni Ọ̀gá wí. "Ó yá, jẹ́ ká tú iná náà."

Wọ́n tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó de iná mọ́ ara ọkọ̀. Ọ̀gá ní kó to wọn sínú ìdérí gáálọ́ọ̀nù kan, kí ọ̀kan má tún lọ di ìtàn. Wọ́n gbé iná jáde. Ọmọ náà gbé e sí àyà bí ìyá tó gbé ọmọ, ó rọra dà á dé, ihò ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀. Kò gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Díẹ̀ díẹ̀ ló ń yí i, tó ń fetí sí i bí nọ́ọ̀tì ṣe ń yọ̀ lọ. Nígbà tó dún létí ihò, ó fi òòfà gbè é níbẹ̀. Nọ́ọ̀tì bọ́ sórí àkísà funfun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ mú un, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. "Èyí ló fẹ́ gbà mí lẹ́rù?"

BÍ KÌ Í BÁ ṢE IRIN ŃKỌ́?

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ gbọ́ eléyìí. Bí ohun tó bọ́ bá jẹ́ bàbà, alumíníọ̀mù tàbí ọ̀rá, òòfà ò wúlò. Ẹ lè yí téèpù sórí igi pẹlẹbẹ, kí ojú tó ń lẹ̀ wà níta, kí ẹ fi tọ́ ọ jẹ́jẹ́. Àwọn míràn ń lo ṣìńgọ́ọ̀mù tí wọ́n ti jẹ, wọ́n á fi í sórí igi. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ṣìńgọ́ọ̀mù tàbí gọ́ọ̀mù kan ibi tó ń dán, kò ṣe é nù kúrò. Títú iná kúrò lára ọkọ̀ kí ẹ dà á dé ló dáa jù, torí yálà irin ni tàbí bàbà, ohun gbogbo ló ń wálẹ̀.

Bí ẹ bá rí iná tuntun tí wọ́n ń pè ní xenon, ẹ má kí irin bọ̀ ọ́ o! Agbára iná tó fi ń tàn nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ tàn án lè ju 20,000 fóòtì lọ. Iná bátìrì mọ́tò ò ju 12 lọ. Èyí kì í ṣe ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń dá dán wò.

Ìdènà sì dùn ju ìwòsàn lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kílíìpù, ẹ ki àkísà tó mọ́ bọ ihò iná. Ẹ fi gíríìsì bín-ín-tín sẹ́nu ṣúkúdíráfà, yóò di nọ́ọ̀tì mú. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi gílóòbù tuntun sí i, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Ẹ má fọwọ́ kan dígí rẹ̀. Òróró ọwọ́ tó bá kù sára rẹ̀ á mú kí ibẹ̀ gbóná ju ibi yòókù lọ, gílóòbù náà ò sì ní í pẹ́ jó.

Àwọn bàbá wa tó tún mọ́tò láyé àtijọ́ lè máa rẹ́rìn-ín pé irú èyí ò ṣẹlẹ̀ nígbà tiwọn. Òótọ́ ni, àwọn ọkọ̀ kan wà nígbà yẹn tí dígí, abọ́ àti òwú iná wọn jẹ́ odindi kan ṣoṣo, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Láti 1940 ni Amẹ́ríkà ti sọ irú rẹ̀ di dandan fún ọkọ̀ wọn, ó sì tó 1983 kí wọ́n tó gbà kí gílóòbù tó ṣe é yọ wọlé. Iná àtijọ́ yẹn, bó bá jó, gbogbo rẹ̀ lo máa jù nù. Ti ìsinsìnyí, gílóòbù nìkan lo máa pààrọ̀. Ó dín owó kù, ṣùgbọ́n ó fi ihò sílẹ̀ lẹ́yìn. Ibi tí ihò bá sì wà, nǹkan lè bọ́ síbẹ̀.

ỌKỌ̀ OLÓJÚ KAN

Kí nìdí tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ fi ta kú bẹ́ẹ̀? Torí ó ti rìn lóru rí. Ọkọ̀ tó ń fi ojú kan ríran, ọ̀kadà ni ẹni tó ń bọ̀ níwájú máa pè é. Iná tọwọ́ òsì ló sì léwu jù kó kú. Ọwọ́ ọ̀tún là ń rìn, torí náà iná òsì ló wà ní ìhà àárín títì, òun ló ń fi han ẹni tó ń bọ̀ pé ibi tí ara ọkọ̀ mi dé nìyí. Bí ó bá kú, tí tọ̀tún nìkan ń tàn, ẹni tó ń bọ̀ á rò pé ọ̀kadà kan ló ń lọ jẹ́jẹ́ létí ọ̀nà, á sì gbà àárín títì. Ibẹ̀ gan-an ni ara bọ́ọ̀sì wà.

Kì í ṣe òní làwọn èèyàn ti ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí l'Ábẹ́òkúta níbí lọ́dún 1934, wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FRSC sílẹ̀ lọ́dún 1988, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Títí dòní, iná tí kò pé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ò lè wà ní gbogbo kọ̀rọ̀ láago mẹ́rin ìdájí. Ẹni tó ni ẹ̀mí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, kí ẹ tó di ẹrù sọ́kọ̀, ẹ ní kí dírẹ́bà dojú ọkọ̀ kọ ògiri, kó tan dímù, kó tan fúùlù. Ẹ wo ìmọ́lẹ̀ méjèèjì lára ògiri. Ṣé wọ́n ga dọ́gba? Ṣé ọ̀kan ò ń gbọ̀n? Ẹ gbá ẹ̀gbẹ́ iná pẹ́pẹ́, ẹ fetí sí i. Bó bá ń dún ṣakara ṣakara, nǹkan wà nínú rẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì sí dírẹ́bà gidi tí yóò torí rẹ̀ bínú sí oníbàárà rẹ̀.

Ẹ̀YIN Ọ̀GÁ, Ọ̀RỌ̀ KÙ SÍ YÍN LỌ́WỌ́

Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí nǹkan ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Télọ̀ ti sọ abẹ́rẹ́ nù, aládìrẹ Ìtòkú ti da aró nù, káfíńtà ti fi òòlù lu ìka. Ọ̀gá tó ń na ọmọ iṣẹ́ nígbà tí nǹkan bá bọ́, ó rò pé ìṣọ́ra lòun ń kọ́ ọ. Ìpamọ́ ló ń kọ́ ọ. Ọmọ náà á ṣì máa sọ nǹkan nù, kò kàn ní í sọ fún ọ mọ́ ni. Nọ́ọ̀tì tí o kò gbọ́ nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ojú títì lo ti máa gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá sì tọpa rẹ̀ wá, orúkọ ta ni wọ́n máa dá? Ọmọ iṣẹ́ ò ní orúkọ lójú ìlú. Ọ̀gá ló ni ṣọ́ọ̀bù.

Èyí kì í ṣe pé kí a má bá ọmọ wí o. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n ìbáwí yàtọ̀ sí ìgbájú. Ọ̀gá tinú ìtàn yìí bá ọmọ rẹ̀ wí dáadáa: ó ní ìwọ tó sọ ọ́ nù, ìwọ náà ló máa yọ ọ́. Ọmọ náà yọ ọ́. Ohun tó kọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, igba ìgbájú ò lè kọ́ ọ.

Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó dá iná padà. Wọ́n dá orí bátìrì padà, wọ́n dojú ọkọ̀ kọ ògiri ilé kejì, dírẹ́bà tan iná. Ìmọ́lẹ̀ méjì tò sára ògiri, wọ́n dọ́gba. Dírẹ́bà tó ń kánjú tẹ́lẹ̀ dákẹ́, ó fọwọ́ ra orí.

Ọ̀gá fẹ́ gba owó iṣẹ́. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní dírẹ́bà ló máa san tiẹ̀, àmọ́ ó tú ìdí aṣọ, ó mú owó díẹ̀, ó nà án sí ọmọ iṣẹ́.

Ọmọ náà wo Ọ̀gá. "Ṣé kí n gbà á, sà?"

"Gbà á," ni Ọ̀gá wí. "Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá."

Ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá ní: "Kì í ṣe torí o yọ nọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá ní sùúrù lè yọ nọ́ọ̀tì. Torí o sọ ni."

Láago mẹ́rin ìdájí, bọ́ọ̀sì gbéra ní Láfẹnwá pẹ̀lú láfún àti ọ̀fadà. Ojú rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀ rokoṣo.

Ẹ̀yin ọ̀gá rewáyà, ẹ̀yin dírẹ́bà, bí ẹ bá ní ọ̀nà míràn tí ẹ fi ń yọ ohun tó bọ́ sínú iná, tàbí ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ yín rí, ojú ewé lẹ́tà wà fún yín. Ẹ kọ ọ́ wá. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.